Ìṣirò Gbà Á, Ṣé Ayé Gbà Á?

Ẹ mú bébà kan tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.1. Ẹ ká a sí méjì, ó di 0.2. Ẹ tún un ká, ó di 0.4. Ìlọ́po méjì, ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Tó bá fi máa di ìgbà kejìlélógójì, nínípọn rẹ̀ á ti tó nǹkan bíi kìlómítà 439,800. Òṣùpá gan-an kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Kìlómítà 384,400 ló wà láàárín àwa àti òun. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ láti fi ya ẹlòmíì lẹ́nu. Ìṣirò náà pé, kò sí ibì kankan tó ti wọ́.

Ẹ wá mú bébà gidi, irú A4 tí wọ́n ń kó sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kí ẹ fọwọ́ ara yín ká a. Ìgbà mẹ́rin àkọ́kọ́ kò ní wàhálà. Ní ìkarùn-ún, ẹ ó máa fi èékánná tẹ ojú ibi tó ti ṣẹ́. Ní ìkẹfà, ó ti ń ta padà mọ́ yín lọ́wọ́. Ní ìkeje, bí ẹ bá ráyè dé ibẹ̀, ohun tó wà lọ́wọ́ yín jẹ́ ìpele 128, ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 1.28, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kò ju nǹkan bíi 1.9 lọ, èkejì kò ju 2.6 lọ. Ẹ wo ibi tó ti ṣẹ́ yẹn dáadáa. Ìpele tó wà nínú jù lọ kàn ṣẹ́ ni, àmọ́ èyí tó wà lóde jù lọ ní láti rìn yí gbogbo àwọn yòókù ká bí ìdajì òbìrípo. Bébà tó bá lọ sínú ìyípo yẹn ti bọ́ nìyẹn, kò lè ṣe iṣẹ́ mìíràn mọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ká a ni nínípọn ń di ìlọ́po méjì, tí fífẹ̀ tó ṣẹ́kù ń di ìdajì. Àwọn méjèèjì ń sáré pàdé ara wọn, wọn kì í sì í pẹ́ pàdé.

Lọ́dún 2002, Britney Gallivan, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Amẹ́ríkà, ṣe ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń sọ ìtàn òṣùpá yìí ti ṣe: ó ṣírò bébà tí ìyípo ń jẹ. Fọ́múlà rẹ̀ fún ẹni tó bá ń ká bébà sí ọ̀nà kan ṣoṣo rèé: L = (π × t ÷ 6) × (2ⁿ + 4) × (2ⁿ − 1). L ni gígùn tó kéré jù tí bébà gbọ́dọ̀ ní, t ni nínípọn rẹ̀, n ni iye ìgbà tí a fẹ́ ká a. Ẹ fi mìlímítà 0.1 sí ipò t. Láti ká a nígbà 7, ẹ nílò bébà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 88. Nígbà 8, mítà 3.5. Nígbà 12, mítà 879. Òun fúnra rẹ̀ lo tíṣù tó gùn ju mítà 1,200 lọ, ó sì ká a nígbà 12, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń búra pé kò sí bébà tó lè kọjá 7 tàbí 8.

Ó wá kù kí a fi 42 sí ipò n. Ohun tó jáde ni mítà tó jẹ́ 1 tí òdo 21 tẹ̀lé. Ìmọ́lẹ̀, tó ń sáré kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á lo nǹkan bí ọdún 107,000 kó tó ti orí bébà náà dé ìdí rẹ̀. Milky Way, àgbájọ ìràwọ̀ tí oòrùn wa wà nínú rẹ̀, fẹ̀ tó nǹkan bí ìrìn ọdún 100,000 fún ìmọ́lẹ̀. Kí bébà yín tó ga dé òṣùpá, ó ní láti kọ́kọ́ gùn tó àgbájọ ìràwọ̀ wa láti etí dé etí.

Ibi tí mo ń lọ gan-an rèé. Wọ́n máa ń sọ pé "inú ìwé nìyẹn, ayé ò rí bẹ́ẹ̀," bí ẹni pé ìṣirò ló purọ́. Ìṣirò kò purọ́. Gbólóhùn rẹ̀ máa ń ní "bí" nínú: *bí* bébà bá lè ṣẹ́ láìjẹ ara rẹ̀, á dé òṣùpá. Àwa la ju "bí" yẹn nù sójú ọ̀nà. Àlàfo tó wà láàárín ohun tí ìṣirò gbà àti ohun tí ayé gbà ní iye tirẹ̀, a sì lè fi ìṣirò kan náà wọ̀n ọ́n. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ibi tí wọ́n ti kọ́ ọmọ ní ìdajì àkọ́kọ́, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀, torí ìdajì kejì ló dùn jù.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni ti pákó, nítorí ẹ lè tò ó lórí tábìlì lónìí kí ẹ sì fojú ara yín rí ibi tí àlàfo náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá pákó tí wọ́n gé bákan náà, kí gígùn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20, kí nínípọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2. A fẹ́ tò wọ́n léra ní etí tábìlì kí èyí tó wà lókè jù yọ síta kọjá etí náà, láìlo gọ́ọ̀mù, láìkan ìṣó. Báwo ló ṣe lè yọ tó? Ìdáhùn ìṣirò ni pé kò lópin.

Ẹ kà á láti òkè wá. Pákó àkọ́kọ́ lè yọ kọjá èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní ìdajì gígùn rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 10. Èkejì ní ìdá kan nínú mẹ́rin, 5. Ẹ̀kẹta ní ìdá kan nínú mẹ́fà, 3.33. Ẹ̀kẹrin ní ìdá kan nínú mẹ́jọ, 2.5. Ẹ rò wọ́n pọ̀, ó di 20.83. Pákó mẹ́rin péré, èyí tó wà lókè ti kúrò lórí tábìlì pátápátá! Àròpọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ ni 1 + 1/2 + 1/3 + 1/4 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, àròpọ̀ tí kì í dáwọ́ dúró láti máa dàgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrìn ìgbín ló ń rìn.

Bí ẹ bá tò ó gẹ́gẹ́ bí iye wọ̀nyẹn ṣe wà, á wó. Ìdí ni pé ìṣirò gbé pákó kọ̀ọ̀kan sí ojú ibi tó kù díẹ̀ kó ṣubú. Àyè àṣìṣe tó fi sílẹ̀ jẹ́ òdo. Bí a ṣe ń ṣe é kó lè dúró nìyí. Ẹ kọ́kọ́ gbé pákó kọ̀ọ̀kan dábùú orí pẹ́ńsùlù kí ẹ máa yí i títí á fi dúró láìtẹ̀ síbì kankan, kí ẹ fa ìlà sí ibẹ̀. Igi kì í wúwo bákan náà láti orí dé ìdí, ìlà yẹn sì lè fi mìlímítà kan tàbí méjì yàtọ̀ sí àárín tí rúlà sọ. Ẹ jẹ́ kí ìdí tó wúwo kọjú sí ọ̀nà tábìlì. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ mìlímítà 2 kúrò nínú ìyọsíta kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì lo pákó márùn-ún dípò mẹ́rin. Ti ìsàlẹ̀ pátápátá á yọ kọjá etí tábìlì ní sẹ̀ǹtímítà 1.8, èyí tó tẹ̀ lé e á yọ kọjá ti ìsàlẹ̀ ní 2.3, lẹ́yìn rẹ̀ 3.1, lẹ́yìn rẹ̀ 4.8, èyí tó wà lókè jù 9.8. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 21.8. Láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti máa tò ó lọ sókè. Ẹ gbé pákó sọ̀kalẹ̀ tààrà. Ẹ má fi í sí orí èyí tó wà nílẹ̀ kí ẹ wá máa tì í síwájú, torí pé títì yẹn náà ń sún àwọn ti ìsàlẹ̀.

Tó bá ṣì wó, ẹ wo etí pákó. Bí sáńpépà bá ti jẹ etí rẹ̀ di róbótó ní mìlímítà kan, ibi tí pákó òkè fẹ̀yìn tì gan-an ti wọlé ní mìlímítà kan, ìdajì àyè àṣìṣe yín ti lọ nìyẹn. Ẹ tún wo tábìlì. Bó bá tẹ̀ síwájú ní dígírì kan péré, àárín ìwúwo pákó márùn-ún tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 á sún sí ìta ní nǹkan bíi mìlímítà 0.9. Bó bá jẹ́ ìwé lẹ fi ń ṣe é dípò pákó, ìwé máa ń tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì máa ń nípọn ju iwájú lọ. Ẹ fi ìwé sílẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká bi ìṣirò pé pákó mélòó ni a nílò kó lè yọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó lè kọjá sẹ̀ǹtímítà 40, pákó 31. Kó lè kọjá 60, pákó 227, ó sì ga ju mítà 4.5 lọ. Kó lè kọjá 80, pákó 1,674, mítà 33 ó lé. Kó lè kọjá mítà kan, pákó 12,367, mítà 247. Kó lè kọjá mítà 2, tí àgbàlagbà kan bá na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kárí rẹ̀, a nílò pákó 272,400,600. Gíga rẹ̀ á jẹ́ kìlómítà 5,448. Láti orí ilẹ̀ dé àárín gbùngbùn ayé kò ju 6,371 lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ sọ ni pé irú òpó bẹ́ẹ̀ á tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ rẹ́. Òótọ́ ni. Òpó irin lásán pàápàá, irú èyí tó ń gba agbára megapascal 250 (òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe ń tẹ nǹkan tó) kó tó yẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ní ìdí nígbà tó bá ti lé ní kìlómítà 3 lásán nítorí ìwúwo ara rẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ náà ti bàjẹ́ tipẹ́tipẹ́ kó tó débẹ̀. Nígbà tí ẹ bá dé pákó 227, ìyọsíta ti ìsàlẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.44. Ní pákó 1,674, ó jẹ́ 0.06, kò tó fífẹ̀ irun orí kan. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tó yí pa dà láti òwúrọ̀ sí ọ̀sán ń mú igi wú tàbí kó sún kì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìsàlẹ̀ òpó mítà 2 yẹn, ìyọsíta náà ti di ìdámẹ́ta nanómítà (nanómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mìlímítà), ìyẹn fífẹ̀ átọ́ọ̀mù bíi mélòó kan. Lórí rẹ̀ lọ́hùn-ún, ilẹ̀ ayé kò fà á bíi ti ìsàlẹ̀ mọ́: ohun tó wúwo kìlógíráàmù kan nílẹ̀ á tẹ òṣùwọ̀n bíi gíráàmù 290. Àròpọ̀ 1 + 1/2 + 1/3 kò mọ èyíkéyìí nínú wọn.

Odi ló pọ̀ lójú ọ̀nà: odi agbára, odi átọ́ọ̀mù, odi àkókò, odi ìwọ̀n pípé. Èyí tó máa ń kọ́kọ́ dá iṣẹ́ dúró ni odi ìwọ̀n pípé, ohun tí kò sì wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá èrò kan á ṣeé ṣe, kó kọ́kọ́ béèrè pé: níbi tó kéré jù, mìlímítà mélòó ni mo gbọ́dọ̀ lè dì mú?

Àwọn tó ń gé irin mọ èyí ju gbogbo wa lọ. Lórí bébà, 20 dọ́gba pẹ̀lú 20. Nínú ilé iṣẹ́, ọ̀pá irin mìlímítà 20 kì í wọ ihò mìlímítà 20, bí kò bá sí òòlù. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ọ̀pá náà máa yí geere nínú ihò, wọ́n á kọ H7/g6 sórí àwòrán. Ìtumọ̀ rẹ̀ fún ìwọ̀n yìí ni pé ihò lè wà láàárín 20.000 àti 20.021, ọ̀pá láàárín 19.980 àti 19.993. Àyè tó kéré jù láàárín wọn jẹ́ mìlímítà 0.007, èyí tó pọ̀ jù 0.041. Bí wọ́n bá fẹ́ kó fún mọ́ra tí kò ní yọ mọ́, wọ́n á kọ H7/p6, ọ̀pá á sì wà láàárín 20.022 àti 20.035, kó nípọn ju ihò rẹ̀ lọ. Àwọn iye yìí kò ní ìtumọ̀ àfi tí a bá sọ bí ojú ọjọ́ ṣe gbóná tó. Láti 1931 ni àgbáyé ti fẹnu kò sí dígírì 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Irin tó gùn ní mítà kan ń fi nǹkan bíi mìlímítà 0.012 gùn sí i fún dígírì kọ̀ọ̀kan. Ní dígírì 32 á ti fi bíi 0.14 gùn ju ohun tí àwòrán sọ lọ, láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣe é ní nǹkan kan.

Ohun kan tún wà tó máa ń tan àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá to nǹkan mẹ́wàá tí àṣìṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ mìlímítà 0.1 sókè tàbí sísàlẹ̀, àṣìṣe gbogbo wọn lè tó mìlímítà 1. Ìmọ̀ ìṣirò nípa oríire á sọ pé àwọn kan á pọ̀, àwọn kan á dín, wọ́n á pa ara wọn rẹ́, kó má ju nǹkan bíi 0.32 lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀, bí àṣìṣe kan kò bá mọ èkejì. Àmọ́ bó bá jẹ́ ẹ̀rọ kan náà ló gé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, tí ojú abẹ rẹ̀ sì ti ń kú, apá ibì kan náà ni gbogbo wọn á tẹ̀ sí. Mìlímítà 1 lẹ máa rí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ nọ́ńbà tí kì í tán. Ẹ gé irin pẹlẹbẹ tó jẹ́ mítà kan ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìlà tó ti igun kan dé igun kejì jẹ́ mítà 1.4142135623, ó sì ń lọ láìlópin. Ooru dígírì kan péré ti yí nọ́ńbà karùn-ún lẹ́yìn àmì dẹ́símà pa dà. Nọ́ńbà kẹwàá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá nanómítà, kò sì tó átọ́ọ̀mù irin kan. Láti ibẹ̀ lọ, irin náà kò ní ìdáhùn, torí kò ní etí tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ṣírò π kọjá nọ́ńbà tírílíọ̀nù 100, iṣẹ́ ńlá ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Síbẹ̀, nọ́ńbà 15 lẹ́yìn àmì ni JPL, ilé iṣẹ́ kan lábẹ́ NASA, àjọ tó ń rí sí òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ń lò láti darí ọkọ̀ tó ń lọ láti pílánẹ́ẹ̀tì kan sí òmíràn, ó sì ń tó wọn.

Fèrè Torricelli náà wà níbẹ̀, ohun kan tó wà nínú ìṣirò nìkan, èyí tí wọ́n tún ń pè ní fèrè Gabriel. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní mítà kan láti àárín dé etí. Ní mítà 10 lọ́hùn-ún, ó ti dín kù sí sẹ̀ǹtímítà 10. Ní mítà 1,000, mìlímítà kan. Bẹ́ẹ̀ ló ń tín-ín-rín lọ láìlópin. Gbogbo inú rẹ̀ kò gbà ju lítà 3,142 lọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò lópin. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé ọ̀dà tó kún inú rẹ̀ kò lè tó láti kùn ún. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀dà gidi ṣe é, kí nínípọn ọ̀dà jẹ́ mìlímítà 0.1. Gbogbo ìgbà tí gígùn bá di ìlọ́po mẹ́wàá, nǹkan bíi síkúéà mítà 14.5 ni ara rẹ̀ ń fi pọ̀ sí i. Tí ẹ bá dé kìlómítà 10, ẹ ti kun nǹkan bíi síkúéà mítà 59, ó sì gbà yín ní ọ̀dà tí kò tó lítà 6. Níbẹ̀, inú fèrè ti há tó ọ̀dà fúnra rẹ̀, nítorí náà ọ̀dà dí i pa. Gbogbo ohun tó kù nínú rẹ̀ láti ibẹ̀ dé àìlópin kò gbà ju ìdámẹ́ta lítà kan lọ. Ara tí kò lópin, ọ̀dà tí kò tó lítà 7 ló kùn ún tán! Bí a bá tilẹ̀ ń rìn lọ láìkun nǹkan kan títí dé ibi tí inú fèrè ti há bí átọ́ọ̀mù, kìlómítà mílíọ̀nù 10 lọ́hùn-ún, gbogbo ara rẹ̀ kò tíì ju síkúéà mítà 146 lọ.

Ti Banach àti Tarski kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́dún 1924, àwọn méjèèjì, onímọ̀ ìṣirò ará Pólàǹdì, fi hàn pé a lè pín bọ́ọ̀lù kan sí wẹ́wẹ́ tó níye, ká sì tún wẹ́wẹ́ náà tò di bọ́ọ̀lù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi bíi ti àkọ́kọ́. Wẹ́wẹ́ márùn-ún tó. Ẹni tó bá ronú wúrà, kó fọkàn balẹ̀: wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn jẹ́ àkójọ ojú àmì tí kò ní ìwọ̀n rárá, kò sí ọ̀bẹ tó lè gé wọn, torí ó gba kí a máa yan ojú àmì kọ̀ọ̀kan láàárín àìlópin. Gíráàmù wúrà kan ní átọ́ọ̀mù tó jẹ́ 3 tí òdo 21 tẹ̀lé. Ó pọ̀, àmọ́ ó níye, iye yẹn kò sì lè di ìlọ́po méjì nípa títún un tò.

Jíà ló yẹ kí n dúró lé lórí. Ẹ fojú inú wo ọ̀pá kan tí wọ́n gé bíi skúrù, tó ń yí jíà eléyín 50. Bí skúrù bá yí lẹ́ẹ̀kan, eyín kan ló ń kọjá. Ó gbọ́dọ̀ yí nígbà 50 kí jíà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ so irú rẹ̀ 12 tẹ̀ léra, kí ẹ̀rọ iná kékeré kan máa yí ti àkọ́kọ́ nígbà 200 ní ìṣẹ́jú kan. Jíà àkọ́kọ́ ń yí nígbà 4 ní ìṣẹ́jú kan. Èkejì ń lo ìṣẹ́jú 12 àti ààbọ̀. Ẹ̀kẹta ń lo wákàtí 10 ó lé díẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ọjọ́ 22. Ìkarùn-ún, ọdún 3. Ìkẹfà, ọdún 149. Èyí tó kẹ́yìn á lo ọdún tó lé ní tírílíọ̀nù 2 kó tó yí lẹ́ẹ̀kan. Arthur Ganson, oníṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà, kọ́ irú ẹ̀rọ yìí, ó sì ri ìdí rẹ̀ mọ́ inú kọnkéré. Ẹ̀rọ iná ń yí lọ geere ní ìdí kan, ìdí kejì wà nínú kọnkéré tó ti gan, kò sì sí ohun tó fọ́.

Ìṣirò sọ pé jíà tó kẹ́yìn ń yí, ó kàn ń rọra ni. Ẹ wo bó ṣe ń rọra tó. Bí fífẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, ní odindi ọjọ́ kan, etí rẹ̀ á sún ní ohun tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́sàn-án fífẹ̀ pírótọ́ọ̀nù kan ṣoṣo, ọ̀kan lára àwọn ohun tó wà nínú átọ́ọ̀mù. Àwọn átọ́ọ̀mù inú jíà náà fúnra wọn ń gbọ̀n nítorí ooru lásán, gbígbọ̀n wọn sì ju ìyẹn lọ lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìṣípòpadà tí ìṣirò kọ sílẹ̀ kò ní ibi tó máa jókòó sí nínú irin. Ohun tó sì dá kọnkéré náà sí gan-an tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀: láàárín eyín jíà àti skúrù, àyè díẹ̀ máa ń wà, bí kò bá sí i, wọn kò ní lè yí. Ẹ gbà pé àyè yẹn jẹ́ mìlímítà 0.1. Ní jíà kejìlá, ẹ̀rọ iná gbọ́dọ̀ yí fún nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ kó tó lè dí àyè yẹn lásán, kí eyín tó fara kan eyín. Bíárìn rẹ̀ á ti jẹ tán kí ó tó rí ìdá kékeré kan nínú ìyẹn.

Ó ku ìhà kejì ọ̀rọ̀ náà, torí pé ẹni tó bá ka ibi tí a dé yìí lè rò pé ó yẹ ká máa ju ìdáhùn tí kò bá ojú wa mu nù. Ẹ ju bọ́ọ̀lù sókè láti ibi tó ga ní mítà 2, kó máa sáré mítà 9 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ìgbà wo ló máa balẹ̀? Ìdáhùn méjì ló jáde: ìṣẹ́jú àáyá 2.04, àti òdì 0.20. A máa ń fagi lé ti òdì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ asán: ó ń sọ pé bó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀lù yìí ti wà lójú ọ̀nà kan náà kó tó dé ọwọ́ yín, ìgbà yẹn ni yóò ti kúrò nílẹ̀. Ọwọ́ yín tó dì í mú ló sọ ọ́ di asán, ìṣirò kò sì mọ̀ nípa ọwọ́ yín.

Paul Dirac, onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá irú òdì yìí pàdé lọ́dún 1928 nínú ìṣirò tó kọ fún ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ohun kékeré tó ń yí káàkiri nínú átọ́ọ̀mù: agbára tó jẹ́ òdì, tí kò sí ẹni tó rí irú rẹ̀ rí. Ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi í ṣe pírótọ́ọ̀nù, àmọ́ ìwọ̀n wọn kò bára mu, pírótọ́ọ̀nù wúwo jù ú lọ nígbà tó lé ní 1,800. Lọ́dún 1931, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun kan gbọ́dọ̀ wà tó wúwo bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gẹ́lẹ́, tí iná inú rẹ̀ sì jẹ́ òdìkejì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní California, Carl Anderson rí ipa ohun kan nínú àpótí ìkùukùu tó ń lò, èyí tó ń jẹ́ kí ipa ohun tí ojú kò lè rí hàn, níbi tí agbára mágínẹ́ẹ̀tì ti ń tẹ ọ̀nà gbogbo ohun tó bá ní iná nínú. Ó ti fi òjé pẹlẹbẹ mìlímítà 6 dábùú àárín àpótí náà. Ní ìsàlẹ̀ òjé, ipa náà tẹ̀ díẹ̀, agbára rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 63 ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù-fólítì, òṣùwọ̀n agbára àwọn ohun kékeré bẹ́ẹ̀. Lókè òjé ó tẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, agbára rẹ̀ ti di mílíọ̀nù 23. Ohun tó bá la òjé kọjá, agbára rẹ̀ ń dín ni, nítorí náà láti ìsàlẹ̀ ló ti wá. Bó bá jẹ́ láti ìsàlẹ̀ ló ti wá, apá ibi tó tẹ̀ sí fi hàn pé iná inú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Kò sì lè jẹ́ pírótọ́ọ̀nù, torí pírótọ́ọ̀nù tó tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò ní lágbára láti rìn ju nǹkan bíi mìlímítà 5 lọ, ohun yìí sì rìn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Pósítírọ́ọ̀nù ni wọ́n sọ ọ́.

Lónìí, ohun tó jáde láti inú àmì òdì yẹn wà ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ń fi fluorine-18 sínú ṣúgà, wọ́n ń fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ rẹ̀, pósítírọ́ọ̀nù tó ń jáde látinú rẹ̀ ń pàdé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú ara, méjèèjì ń pa ara wọn rẹ́ di ìmọ́lẹ̀ méjì tó ń sá sí ọ̀nà òdìkejì ara wọn, ẹ̀rọ PET sì ń tọ ipa ìmọ́lẹ̀ méjèèjì pa dà sí ibi tí àìsàn wà. Àmọ́ fluorine-18 kò ní sùúrù. Ní ìṣẹ́jú 110, ìdajì rẹ̀ ti tán. Ní wákàtí mọ́kànlá, ohun tó kù kò tó ìdá kan nínú ọgọ́ta. Nítorí náà, ibi tí wọ́n ti ṣe é kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí ibi tí aláìsàn ti ń dúró dè é.